Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ Lọ́wọ́ Ara Wa: Bí A Ṣe Ń Gbé Django Sórí Kọ̀ǹpútà fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé ẹ̀ka ní Festac Town

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru ni. A mọ̀ pé àwọn mìíràn gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì kí wọ́n tó lè jókòó síbí, owó sì ń lọ. Nítorí náà a kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a bá wá, ṣùgbọ́n owó yín àti ọdún tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n mú àbá wá pé kí ẹ̀ka wa sanwó fún oníṣòwò kan tí yóò bá wa kó ìwé orúkọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. A ó máa sanwó fún un lọ́dọọdún. Kọ́kọ́rọ́ ìwé náà, èyí tí wọ́n ń pè ní password, yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpàdé ní kí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ lọ wò ó bóyá ọ̀nà mìíràn wà. A lọ, a wò ó, a ti dé. Ọ̀nà mìíràn wà. Iṣẹ́ tí ẹ rán wa, àbọ̀ rẹ̀ nìyí.

ÌDÍ TÍ ÌWÉ ORÚKỌ FI ṢE PÀTÀKÌ

Ilé iṣẹ́ kan wà tí a kò ní dárúkọ. Nígbà tí wọ́n dá àwọn ènìyàn wa dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì dé orí tábìlì, ọ̀gá sì ṣí ìwé tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ṣì ń mu ọyàn. Ìwé ọ̀gá sọ pé ìgbà tí ọmọ náà wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni bàbá rẹ̀ gba iṣẹ́. Gbogbo ọdún tó fi ṣe kásúà, wọn kò kọ ọ́ síbì kankan. Àwa náà ṣí ìwé ẹgbẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé náà ti gbó, tádàwá ibi tí a kọ ọjọ́ sí ti parẹ́. Ẹnu lásán la fi bá wọn jà, ẹnu lásán kì í sì í ṣẹ́gun ìwé.

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Labour Act, sọ ní ìpín keje rẹ̀ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí yóò sọ orúkọ àwọn méjèèjì, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ náà àti owó rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10, kí owó náà sì kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 2005 sọ pé kò sí ẹni tí a lè fi ipá mú wọ ẹgbẹ́. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá bi wá léèrè pé àwọn wo gan-an ni ọmọ ẹgbẹ́, a gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn.

Òfin mẹ́ta nìyẹn, ìwé ni gbogbo wọn dúró lé. Ọ̀gá ní ìwé, báǹkì ní ìwé, ìjọba ní ìwé. Bí òṣìṣẹ́ nìkan kò bá ní ìwé, tàbí tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ oníṣòwò tó lè tì í pa lọ́jọ́ tí owó ọdún bá pẹ́, kí la rò pé yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìjà?

KÍ NI DJANGO?

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kan mólùẹ́ nígbà tí mólùẹ́ gbòde ní Èkó. Ẹni tó kan mólùẹ́ kò rọ ẹ́ńjìnnì. Kò rọ gíà, kò rọ búrékì. Ṣáásì Mercedes 911 ló ń rà, tòun ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti táyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wẹ́dà yóò fi irin àti páànù kan ilé lé e lórí, wọn yóò to àga sí i, wọn yóò kùn ún ní ọ̀dà yẹ́lò àti dúdú. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì ti ṣe tiwọn tán. Èyí tó kan ọlọ́kọ̀ ni kí ó mọ iye èrò tí òun fẹ́ gbé àti ojú ọ̀nà tí òun fẹ́ ná.

Bákan náà ló rí nídìí kọ̀ǹpútà. Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe ìwé tí a lè ṣí lójú kọ̀ǹpútà, tí yóò gba orúkọ wọlé, tí yóò tọ́jú rẹ̀, tí yóò wá a jáde, tí yóò béèrè password kí ó tó ṣí, iṣẹ́ púpọ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri ayé. Ìwé ìsìnkú ni o, ìwé ilé ìwòsàn ni o, ìwé ẹgbẹ́ ni o, ṣáásì kan náà ló ń gbé wọn. Irú ṣáásì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní framework. Ó pọ̀ lóríṣiríṣi. Laravel wà, Rails wà. Django ni a yàn nítorí pé ibi tí a ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ tí a sì ti ń tún un ṣe ti wà nínú rẹ̀ kí a tó fi ọwọ́ kàn án.

Ní 2003, ní ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, Adrian Holovaty àti Simon Willison ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní Lawrence Journal-World. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀gá bá béèrè láàárọ̀, ó fẹ́ rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n wá kó àwọn irin iṣẹ́ tí wọ́n ń lò léraléra jọ sójú kan kí iṣẹ́ lè yá. Òun ló di Django. Ní oṣù keje 2005, wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ni Python, èdè kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1991. Òun náà, ọ̀fẹ́ ni.

Orúkọ onígìtá kan ni wọ́n sọ ọ́, Django Reinhardt, tí wọ́n bí ní Belgium ní 1910. Iná jó o ní 1928, ìka méjì ní ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ó fi ìka tó kù kọ́ gìtá títa lákọ̀tun, títí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ti gba ìka yín ní ilé iṣẹ́, ẹ mọ irú ọkàn tí ìyẹn gbà. “Jángò” ni kí á máa pè é. D iwájú kò dún.

A ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí ó yé wa. Ìwé àṣẹ tó bá Django wá gbà wá láyè láti lò ó, láti dà á kọ, láti fún ẹlòmíràn, láti tún un ṣe. Kò sí owó ọdọọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó Django, jìbìtì ni. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ o. Ọmọ tó bá fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ bá wa ṣiṣẹ́, kí á sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Àwa òṣìṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó máa rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ.

OHUN TÍ A NÍLÒ

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, ì báà ṣe tòkunbọ̀, tó ń lo Windows tàbí Linux. Dátà díẹ̀: Python kò tó 40 MB, Django fúnra rẹ̀ kò tó 10 MB. Fíìmù kan tí àwọn ọmọ ń wò lórí fóònù ń jẹ dátà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tí yóò tó wákàtí méjì: kí ẹ ti gba iná sí bátìrì kọ̀ǹpútà kí ó kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má gbójú lé ẹnikẹ́ni. Ìwé àti bírò, láti máa kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀. Àti ènìyàn méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan máa tẹ̀ ẹ́, kí èkejì máa kà á sí i létí.

ÌGBÉSẸ̀ LẸ́SẸẸSẸ

Ìgbésẹ̀ kìíní: Python. Ẹ lọ sí python.org, kì í ṣe ibòmíràn, kí ẹ gba Python tuntun. Lórí Windows, kí ẹ tó tẹ ibi tí ó ní kí ẹ tẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ “Add python.exe to PATH” sí. Ẹ fi àmì sí i. Àmì yẹn ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ilé tí Python ń gbé nígbà tí a bá pè é. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ. Ẹ kọ:

python --version

Bí ó bá dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà tó jẹ́ 3.10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilẹ̀ tí a ó kọ́lé sí. Ẹ dá àpò kan, kí ẹ sì wọ inú rẹ̀:

mkdir egbe
cd egbe

Ìgbésẹ̀ kẹta: yàrá iṣẹ́. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ kì í da irinṣẹ́ ọkọ̀ Volvo pọ̀ mọ́ ti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀. Python náà ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. A ó pe tiwa ní yara, láìsí àmì ohùn, nítorí pé lẹ́tà lásán ni ó dára jù nínú àṣẹ:

python -m venv yara
yara\Scripts\activate

Bí Linux ni ẹ ń lò, python3 ni ẹ ó kọ dípò python nínú ìlà àkọ́kọ́, ìlà kejì yóò sì di:

source yara/bin/activate

Ẹ ó rí orúkọ yara nínú àkámọ́ níwájú ìlà. Àmì pé ẹ ti wọ yàrá nìyẹn. Nígbàkígbà tí ẹ bá ti fèrèsé dúdú náà pa tí ẹ sì tún ṣí i, ẹ gbọ́dọ̀ tún wọ yàrá kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Django gan-an. Ìránṣẹ́ kan wà nínú Python tí ń jẹ́ pip. Òun la ń rán lọ sí ọjà tí wọ́n ń pè ní PyPI kí ó lọ bá wa gbé ẹrù wá:

python -m pip install "django==5.2.*"

A yan 5.2 nítorí pé ó wà lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́. Ó jáde ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa dí ihò ààbò rẹ̀ títí di oṣù kẹrin 2028. Ẹgbẹ́ kò nílò ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lánàá. Ọkọ̀ tí a ó máa rí sípáà rẹ̀ rà ni a fẹ́. Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ náà o. Àwọn oníṣẹ́ ibi a máa fi ẹrù tó ní májèlé sí ọjà PyPI pẹ̀lú orúkọ tó jọ orúkọ gidi, kí ẹni tó bá ṣi lẹ́tà kan kọ lè kó sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá rí “Successfully installed” ní ìparí, ẹrù ti dé. Kí ó lè dá wa lójú:

python -m django --version

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fífi ìdí iṣẹ́ múlẹ̀.

django-admin startproject iwe .

Ẹ má fojú di àmì kékeré tó wà ní ìparí yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé “níbí gan-an ni kí o kọ́ ọ sí.” Ẹ ó rí fáìlì kan tí ń jẹ́ manage.py. Òun ni kọ́kọ́rọ́ tí a ó máa fi ta ọkọ̀ jí láti ìsinsìnyí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: títo sẹ́ẹ̀fù tí a ó máa kó ìwé sí.

python manage.py migrate

Àṣẹ yìí ń la ìlà sínú ìwé òfìfo, bí akọ̀wé ṣe ń fi rúlà la ìlà sí lẹ́jà tuntun. Fáìlì kan yóò jáde tí ń jẹ́ db.sqlite3. Ẹ dá orúkọ náà mọ̀. Lọ́jọ́ iwájú, gbogbo ìwé ẹgbẹ́ yóò wà nínú fáìlì kan ṣoṣo yẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: títa á jí.

python manage.py runserver

Ẹ ṣí ojú tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, Chrome tàbí Firefox, kí ẹ kọ 127.0.0.1:8000 sí òkè rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ẹ ó rí àwòrán rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń gbéra, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ìgbékalẹ̀ yọrí sí rere. Nọ́ńbà 127.0.0.1 yẹn, kọ̀ǹpútà tó ń pe ara rẹ̀ ni. Ẹni tó wà ní Mile 2 kò lè rí ohun tí ẹ ń ṣe, ẹni tó wà ní yàrá kejì pàápàá kò lè rí i. Láti pa á, ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ C. Bí ẹ bá ti fèrèsé dúdú náà pa, ojú ìwé náà yóò kú, bí ọkọ̀ ṣe ń dúró tí a bá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kọ́kọ́rọ́ àgbà.

python manage.py createsuperuser

Yóò béèrè orúkọ, lẹ́yìn náà yóò béèrè password. Bí ẹ bá ń tẹ password, ẹ kò ní rí ohunkóhun lójú fèrèsé, àmì kan kò ní jáde. Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́. Ó ń fi í pamọ́ fún ẹni tó dúró lẹ́yìn yín ni. Ẹ tún un ta jí, kí ẹ lọ sí 127.0.0.1:8000/admin. Ibi tí akọ̀wé yóò ti máa ṣiṣẹ́ nìyẹn.

OHUN TÓ LÈ DÍ WA LỌ́WỌ́

Awakọ̀ tó gbọ́n a máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kí ó tó sọ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í da èèbó sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ẹ má sá. Ìlà tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ibẹ̀ ni àrùn sábà máa ń wà.

Bí ó bá ní òun kò mọ python, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fi àmì sí àpótí PATH. Ẹ gbìyànjú py dípò python. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Bí ó bá ní “No module named django”, bóyá ẹ kò tíì wọ yàrá. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Bí ó bá ní ẹlòmíràn ti ń lo ẹnu ọ̀nà 8000, ẹ kọ runserver 8001, kí ẹ sì wá a ní ẹnu ọ̀nà 8001.

Èyí tó tóbi jù ni íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báǹkì dúró ní Èkó, owó kò ṣe é fi ránṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ti ìgbín ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sórí wáyà yẹn nìkan, iṣẹ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣe é bí a ṣe ń ṣe àjọ. Kí ẹnì kan ra dátà, kí ó gbé ẹrù náà sínú àpò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

python -m pip download "django==5.2.*" -d apo

Kí ó da àpò yẹn kọ sórí fíláàṣì. Ẹni tó kù, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá jọ ti ẹni àkọ́kọ́, yóò kó o láti orí fíláàṣì láìlo dátà kankan:

python -m pip install --no-index --find-links=apo django

Báyìí, ẹ̀ka mẹ́wàá lè lo dátà ẹnì kan. Ìwé àṣẹ gbà á, kò sí olè níbẹ̀.

LẸ́YÌN ÌGBÉKALẸ̀

Ohun tí a ti ṣe títí dé ibí, ṣáásì ni. Ilé ọkọ̀ ló kù. A ó sọ fún Django irú ìlà tí a fẹ́ nínú ìwé wa. Ẹ jẹ́ kí á mú un láti inú òfin tí a kà lẹ́ẹ̀kan: orúkọ òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ tàbí ojú ọ̀nà tó ń ná, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìgbà kásúà rẹ̀, irú iṣẹ́, owó ẹgbẹ́ tó san ní oṣù kọ̀ọ̀kan, àti oṣù tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dé àti èyí tí kò dé. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ogójì òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan bá ní àlàfo ní oṣù kan náà, àlàfo náà kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Ẹ̀rí ni.

Ohun mẹ́ta wà nínú Django tó dùn mọ́ wa nínú. Èkínní, a lè fún olúkúlùkù ní àṣẹ tó tọ́ sí i. Akápò lè kọ owó, aṣojú ilé iṣẹ́ lè wò ó láìlè yí i padà. Èkejì, bí ẹnikẹ́ni bá gba ojú admin wọlé tó sì yí orúkọ tàbí owó padà, bọ́tìnnì kan wà tí ń jẹ́ History tí yóò sọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é àti aago. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìjà owó ẹgbẹ́ rí mọ ohun tí ìyẹn lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀: ààbò ni fún ọmọ ẹgbẹ́, ààbò ni fún akápò tó jẹ́ olóòótọ́. Ẹ̀kẹta, bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí à ń kọ nǹkan sílẹ̀, SQLite kì í jẹ́ kí ó kọ ọ́ ní ààbọ̀. Ó kọ ọ́ tán, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

TA NI YÓÒ MÚ KỌ́KỌ́RỌ́?

Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí láìfi pamọ́. Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ lè gba òṣìṣẹ́ là, ó sì lè pa á lára. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tí kò fẹ́ ẹgbẹ́, ó ti mọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ lé dànù. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023, Nigeria Data Protection Act, sì sọ pé ẹni tó bá ń tọ́jú ìsọfúnni àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Òfin náà kan àwa pẹ̀lú.

Nítorí náà, àwa kò sọ pé kí a gbé ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe Django fúnra wọn kìlọ̀ pé runserver kì í ṣe ohun tí a ń lò fún gbogbo ayé. Fún ìdánwò àti ìgbà tí a ṣì ń kọ ètò ni. Kí ó wà lórí kọ̀ǹpútà kan, ní ọ́fíìsì ẹ̀ka, kí ó ní password. Kí a máa da db.sqlite3 kọ ní ìparí ọ̀sẹ̀ sórí fíláàṣì méjì: kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí èkejì wà lọ́wọ́ akápò, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fíláàṣì náà ní láti wà lábẹ́ àgádágodo, nítorí ẹni tó bá rí i gbé ti rí gbogbo wa.

Àwọn àgbà kan nínú wa ti sọ pé lẹ́jà tó wà ń lọ, pé kí la fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Lẹ́jà kì í béèrè iná. Ẹ jẹ́ kí lẹ́jà wà síbẹ̀. A ó máa tẹ ìwé jáde lóṣooṣù, a ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́jà, alága àti akápò yóò sì fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún.

Àwọn mìíràn ní ọmọ wọn mọ̀ ọ́n, kí a gbé e fún un. Ó dára, kí ọmọ náà wá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ̀ ọ́n, kí la yàgò fún lọ́wọ́ oníṣòwò yẹn? Ọjọ́ tí ọmọ náà bá rí iṣẹ́ sí Abuja tàbí tó bá já sí ìlú òyìnbó, ìwé wa ti bá a lọ nìyẹn. Ènìyàn púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Kò sì le tó bí a ti rò. Ní 2014, Ola Sitarska àti Ola Sendecka dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Berlin tí ń jẹ́ Django Girls, láti máa kọ́ àwọn obìnrin tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ àwọn obìnrin ní ọ̀pọ̀ ìlú láyé, Èkó sì wà lára wọn. Ìwé ìkọ́ni wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń bẹ nídìí ẹ̀rọ, ẹ kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn.

A tún fẹ́ kí ẹ rántí orúkọ tí wọ́n fún àdúgbò wa. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní 1977. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, tí cybercafé gbòde, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Festac bí ìgbà tí wọ́n ń dárúkọ jìbìtì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibí ń jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ọ̀nà Badagry ń fìyà jẹ wọ́n lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé kọ̀ǹpútà kan wà ní Festac tó ń ka owó òṣìṣẹ́ láìṣèrú.

ÀBÁ WA

Alága, àbá mẹ́ta la gbé síwájú ìpàdé yìí.

Èkínní, kí ẹ̀ka wa má fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú oníṣòwò náà. Owó ọdún kan tí à bá san fún un, kí a fi ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó ní bátìrì gidi.

Èkejì, kí a yan ènìyàn mẹ́fà tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ Sátidé mẹ́rin: méjì láti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, méjì láti gáréèjì, méjì nínú ẹ̀ka obìnrin. Olúkúlùkù wọn yóò gbé Django kalẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkẹjọ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹlòmíràn bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ mú ìwé tó fi gba iṣẹ́ wá, tàbí àdàkọ rẹ̀. Ẹni tí agbanisíṣẹ́ kò fún ní ìwé kankan, kí ó wá pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn kásúà, nítorí pé ọdún tiwọn ló ń tètè sọnù.

Kọ̀ǹpútà kò ní bá wa jà, Django kò ní bá wa jókòó níwájú ọ̀gá. Àwa fúnra wa la ó jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá jókòó, tí ọ̀gá bá ṣí ìwé tirẹ̀, kí àwa náà ní èyí tí a ó ṣí. Ẹ dìbò lé e lórí, ẹ bi wá ní ìbéèrè. A ti sọ tiwa.